Bí Igi Ọsàn Inú Ìkòkò Ṣe Lè Pẹ́ Lọ́dọ̀ Wa ní Àkúrẹ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn ará àdúgbò kan ní Àkúrẹ́, tí mo tún kọ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráàyè wá

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó síbí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí igi ọsàn tí a gbìn sínú ìkòkò, tí a gbé sínú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ra irú igi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ó dé ilé yín tòun ti ewé tó ń dán, bóyá tòun ti èso méjì mẹ́ta. Kò pẹ́ kò jìnnà, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń bu omi sí i láàárọ̀ lálẹ́, kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa wọ́n kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Òùngbẹ kọ́ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òkùnkùn ni, àti omi tí a ń bù fún wọn nínú òkùnkùn yẹn. Ìpínlẹ̀ Oòrùn ni wọ́n ń ki ìpínlẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ sì ni, oòrùn kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo pálọ̀ wa. Òrùlé yọ síta kí òjò má baà wọlé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú fèrèsé, irin olè wà lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnnì méjì wà lẹ́yìn irin, fẹ́ǹsì aládùúgbò sì ga ju fèrèsé lọ. Ọgbọ́n wà nínú gbogbo rẹ̀, ooru la fi ń sá fún. Àmọ́ igi ọsàn kò wá sáyé láti sá fún oòrùn. Ó fẹ́ kí oòrùn kan ewé rẹ̀ gan-an fún nǹkan bíi wákàtí 6 sí 8 lóòjọ́. Ojú tiwa máa ń tàn wá jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ó máa ń bá òkùnkùn mu ní kíá. Ibi tí a ti lè ka ìwé láìtan iná, igi ọsàn lè máa kú lọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ewé ni ilé ìdáná igi, oòrùn sì ni iná tó ń jó níbẹ̀. Bí iná kò bá sí, kí la fẹ́ fi omi sè? Nígbà tí ewé bá wà nínú oòrùn, ó ń fa omi gba inú gbòǹgbò wá, ó ń tú u sí afẹ́fẹ́, erùpẹ̀ inú ìkòkò sì ń gbẹ bó ṣe yẹ. Ẹ gbé igi kan náà sí igun pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò ní fa omi bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Omi tí ẹ bù sí i lọ́jọ́ Ajé, ó ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, ẹ sì tún bu òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò nílò afẹ́fẹ́ bó ṣe nílò omi. Bí omi bá ti dí gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, gbòǹgbò kò rí èémí mí mọ́. Ibẹ̀ ni àìsàn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora ti ń rí àyè wọlé. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó wà láàárín wa mọ ìdílé àìsàn yìí dáadáa, torí ẹbí rẹ̀ ló ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi nígbà tí òjò bá pọ̀. Lára ọsàn, gbòǹgbò àti ìdí igi ló máa ń jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá burú nìyí. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè mu omi mọ́. Nítorí náà, ewé á rọ, á ká kò, á dà bí ewé tí òùngbẹ ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ inú omi ló dúró sí. Onílé á rí i, àánú á ṣe é, á sáré bu ife omi méjì sí i. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó mú ife omi, ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ inú erùpẹ̀, kó wọlé dé oríkèé kejì. Bí ewé bá rọ tí erùpẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ni. Bí ewé bá rọ tí erùpẹ̀ sì tutù, gbòǹgbò ló ń kú, ẹ má bu ẹyọ omi kan sí i.

Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ní kí a gbé ọsàn wọnú ilé? Ẹsẹ̀ àwọn òkè Himalaya ní Éṣíà ni ìdílé ọsàn ti ṣẹ̀, ibi tí ooru àti òjò wà. Nígbà tó dé Yúróòpù, otútù ibẹ̀ kò gbà á. Àwọn ọba àti ọlọ́rọ̀ wá ń gbìn ín sínú àpótí onígi, wọ́n ń gbé e wọlé nígbà òtútù, wọ́n ń gbé e jáde nígbà ooru. Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé kọ́ ilé ńlá kan fún un ní ààfin rẹ̀ ní Versailles láàárín 1684 sí 1686, ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ ga gàgàrà, gbọ̀ngàn àárín rẹ̀ sì kọjú sí gúúsù kí oòrùn lè wọlé. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ọba tó ní ilé tó tó bẹ́ẹ̀, fèrèsé ló kọ́kọ́ rò.

Lọ́dọ̀ wa, otútù kọ́ ló ń lé ọsàn wọlé. Gbòǹgbò ọsàn kì í dẹ́kun iṣẹ́ àfi bí ilẹ̀ bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 13 Celsius, ilẹ̀ Àkúrẹ́ kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀, àní láàárín ọyẹ́. Ohun tó ń lé e wọlé ni pé ilé àyágbé là ń gbé, gbogbo àgbàlá ti di sìmẹ́ǹtì, ewúrẹ́ aládùúgbò sì ń rìn kiri. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí àwọn ará ìlú otútù kọ kò lè bá wa mu tán. Wọ́n á ní kí ẹ ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́ tútù, kí ẹ gbé igi wọlé nínú oṣù kẹwàá. Tiwa ni pé kí ẹ gbé e jáde. Bí ẹ bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bákọ́nì, tàbí orí àtẹ̀gùn tí oòrùn ń dé, ibẹ̀ ni kí igi máa gbé. Ẹ jẹ́ kó wá kí àlejò ní pálọ̀ lọ́jọ́ àríyá, kó sì padà sí àyè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹni tí kò ní ibòmíràn ju inú yàrá lọ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ní láti mọ bí oòrùn ṣe ń rìn lókè ilé yín. Àwọn ìwé òkè òkun máa ń ní kí a gbé ọsàn sí fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Ní Àkúrẹ́, ìdajì òtítọ́ nìyẹn. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan ń bọ́ sí lórí wa, fèrèsé gúúsù kò sì ní rí i. Láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kẹrin, ó ti padà sí gúúsù, ó sì máa ń rẹlẹ̀ jù nínú oṣù kejìlá, ìyẹn ni pé ó ń wọlé gba fèrèsé gúúsù dáadáa nígbà ọyẹ́. Fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni mo fẹ́ràn jù, torí pé yípo ọdún ni oòrùn àárọ̀ ń wọ ibẹ̀, kì í sì í jó ewé. Ti ìwọ̀-oòrùn náà dára, ṣùgbọ́n oòrùn aago mẹ́ta máa ń mú ìkòkò gbóná, pàápàá báàkẹ́ẹ̀tì dúdú, gbòǹgbò inú rẹ̀ sì lè sè. Ẹ fi pákó tàbí ìkòkò míì dí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà, kí oòrùn máa bá ewé, kó má bá ara ìkòkò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ tó, ẹ na ọwọ́ yín sí òkè ewé ní ọ̀sán, kó ga tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí òjìji ọwọ́ yín bá hàn ketekete tí ẹ lè ka ìka lára rẹ̀, ó tó. Bí ó bá kàn dúdú rànyìnrànyìn, igi yẹn ń fara dà á ni. Bí kò bá sí òjìji rárá, ẹ gbé òdòdó oníke síbẹ̀, kí ẹ gbé ọsàn lọ fún ẹni tó ní bákọ́nì. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kò sí ajílẹ̀, kò sí oògùn tó lè rọ́pò oòrùn fún un.

Ẹ má sì ṣe gbé e láti inú òjìji bọ́ sínú oòrùn gbígbóná lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ewé tó hù nínú òjìji kò nípọn, oòrùn á jó o, á fún un ní àpá funfun tó máa ń di pupa rúsúrúsú. Ẹ fún un ní oòrùn àárọ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó máa fi kún un.

Irú èwo la máa rà? Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Ara rẹ̀ kò tóbi, ó ń so ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, kò sì sí ilé tí kò ní lò ó: ẹ ó fi fọ ìgbín, ẹ ó fún un sórí ẹja, ẹ ó fi sínú tíì. Lẹ́móònù náà dára. Àwọn olódòdó tún máa ń ta ọsàn kéékèèké kan tí èso rẹ̀ kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, tó máa ń pọ́n bíi tànjaríìnì, tó sì kan. Calamondin ni orúkọ rẹ̀, ó sì gba ìkòkò ju gbogbo wọn lọ. Ọsàn mímu àti gíréèpù ń di igi ńlá, wọ́n á máa bá ìkòkò jà.

Ẹ má gbin kóró bí èso ni ẹ ń wá. Kóró ọsàn máa ń hù dáadáa, ó sì lè jọ ìyá rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó lè tó ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so, yóò sì fi ẹ̀gún gún yín títí. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àgíríìkì. Wọ́n á mú ojú ẹ̀ka kan lára igi tó ti ń so, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọsàn mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ lágbára, lọ́pọ̀ ìgbà irú lẹ́móònù kan tí èèpo rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Irú èyí lè so láàárín ọdún 2 sí 3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Á wú díẹ̀, á sì tẹ̀ sápá kan. Bí olùtajà kò bá lè fi í hàn yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ kóró. Ohunkóhun tó bá rú jáde ní ìsàlẹ̀ ojú yẹn, ẹ já a dànù nígbà tó ṣì rọ̀. Kì í ṣe igi tí ẹ san owó rẹ̀. Ìdí nìkan ni, yóò sì jẹ oúnjẹ èyí tó wà lókè. NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́ tó wà ní Ìbàdàn láti 1975 wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọsàn. Bí ẹ bá ń lọ sọ́hùn-ún, ó dára kí ẹ yà níbẹ̀.

Ní ti ìkòkò, ihò ìsàlẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 dára púpọ̀ bí ẹ bá fọ̀ ọ́ mọ́, tí ẹ sì lu ihò márùn-ún mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, ihò tí ìka lè wọ̀. Ìkòkò amọ̀, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìsàn-Èkìtì, tún dára jù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá sí omi, torí amọ̀ ń mí, ó sì ń gbẹ kíákíá. Ẹ má gbé igi kékeré sínú agbada ńlá. Erùpẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé á kàn máa tọ́jú omi pamọ́ ni. Bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ sí ńlá lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò kí omi lè ṣàn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta òdòdó pàápàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í sáré kúrò nínú erùpẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta. Ó máa ń dúró lókè òkúta náà títí erùpẹ̀ á fi kún dẹ́múdẹ́mú. Òkúta yẹn kàn gbé omi súnmọ́ gbòǹgbò ni. Ẹ fi ìdérí nẹ́ẹ̀tì kékeré bo ihò, kí erùpẹ̀ má baà jáde, ó ti parí. Erùpẹ̀ gan-an ló yẹ kó fúyẹ́ látòkè délẹ̀. Erùpẹ̀ àgbàlá nìkan máa ń di bíríkì nínú ìkòkò. Ẹ bu erùpẹ̀ dúdú apá kan, yanrìn odò tó hà apá kan, àti ìgbẹ́ adìẹ tàbí ewé tó ti jẹrà pátápátá apá kan. Ẹ lè fi èèpo ìrẹsì kún un. Bí ìgbẹ́ adìẹ bá ṣì ń rùn, kò tíì jẹrà. Yóò jó gbòǹgbò. Nígbà tí ẹ bá ń gbìn ín, kí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ wà lókè erùpẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ omi kò tún le mọ́ bí ìmọ́lẹ̀ àti ihò bá ti wà. Bí òkè erùpẹ̀ bá ti gbẹ dé oríkèé ìka àkọ́kọ́, ẹ bu omi títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó kóra jọ sínú àwo nù. Ẹ má máa ta omi díẹ̀díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Òkè nìkan ni ìyẹn ń dé. Ẹni tó bá ń gbé ìkòkò rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ó tó bomi, àti lẹ́yìn rẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n nínú apá bóyá ó nílò omi. Omi òjò ló dára jù. Omi borehole ibòmíràn ní iyọ̀ àti ẹfun nínú, ẹ ó rí i bí nǹkan funfun ní etí ìkòkò. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ gbé ìkòkò sínú òjò ńlá kan kó wẹ̀ ẹ́ nù.

Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, eruku bo gbogbo nǹkan. Eruku yẹn ń dí oòrùn lójú ewé. Ẹ fi aṣọ tútù nu ewé náà lókè àti lábẹ́, tàbí kí ẹ fi omi ṣan án. Abẹ́ ewé ni kí ẹ fojú sí, torí ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni kòkòrò wínníwínní kan, ẹbí aláǹtakùn tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ewé á máa ní àmì tíntìntín funfun, á sì rí bíi pé wọ́n bu eruku sí i tí kò ṣeé nù. Kò fẹ́ràn omi. Ṣíṣan abẹ́ ewé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ máa ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù máa fẹ́ sí i tààrà.

Ó yá, oúnjẹ. Ọsàn ń jẹun púpọ̀, torí pé gbogbo omi tó ń ṣàn jáde nísàlẹ̀ ìkòkò ló ń gbé oúnjẹ lọ. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tó wà lọ́jà wa ṣeé lò, ṣíbí tíì kan sí báàkẹ́ẹ̀tì onílítà 20, lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí dé oṣù kẹwàá. Ẹ fọ́n ọn ká, kó jìnnà sí ìdí igi, sórí erùpẹ̀ tó ti tutù. Ẹ má fún igi tó ń ṣàìsàn lóúnjẹ. Ewé fúnra rẹ̀ á sọ ohun tó ń ṣe é. Bí ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ bá pọ́n látòkè délẹ̀, èròjà oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní nitrogen ló kù díẹ̀ káàtó. Bí ewé àgbà bá pọ́n létí, tí àárín rẹ̀ níbi ìdí sì ṣì dúdú ní igun mẹ́ta, èròjà magnesium ni. Bí ó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ sì dúdú lójú bíi pé wọ́n fi bírò yà á, irin ni kò rí mu.

Ẹ dákẹ́ gbọ́ èyí, torí pé ilẹ̀ kòkó ni tiwa. Ọ̀pọ̀ ilé ní eérú èèpo kòkó, àwọn àgbà sì gbà pé eérú dára fún gbogbo ohun ọ̀gbìn. Fún ọsàn inú ìkòkò, kò dára. Ọsàn fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, ìyẹn ni pé kí pH rẹ̀, ìwọ̀n kíkan ilẹ̀, jẹ́ bíi 6 sí 6.5. Eérú kòkó ń pa kíkan náà. Irin lè wà nínú erùpẹ̀ rẹpẹtẹ, gbòǹgbò ò ní lè mú un. Ẹ óò rí ewé tuntun tó pọ́n, ẹ ó rò pé ebi ń pa á, ẹ ó tún da eérú sí i.

Eérú yìí kan náà wúlò lọ́nà mìíràn o. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ọṣẹ dúdú sì ń pa kòkòrò tí ara rẹ̀ rọ̀: àwọn tó funfun bí òwú ní ìpàkọ́ ewé, tí àwọn olóko kòkó mọ̀ dáadáa, àwọn tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí èépá, àtàwọn kéékèèké tó ń kóra jọ sórí ewé tuntun. Ẹ po ṣíbí tíì kan ọṣẹ dúdú tí wọn kò fi oyin tàbí osùn sí, sínú lítà omi kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wọ́n ọn sí ewé méjì kan kí ẹ wò ó dọ́jọ́ kejì. Bí ewé kò bá jóná, ẹ wọ́n ọn dé gbogbo ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó kàn kòkòrò gan-an, kí ẹ sì ṣan án lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ewé bá lẹ̀ mọ́ọ yín lọ́wọ́, tí nǹkan dúdú bí èédú sì bò ó, tí èèrà ń gòkè ń sọ̀, àwọn kòkòrò yìí ló wà níbẹ̀. Ohun dídùn ni wọ́n ń yàgbẹ́ rẹ̀, èèrà ń bá wọn lá a, ó sì ń ṣọ́ wọn. Ẹ dínà èèrà kí ẹ tó máa wọ́n ọṣẹ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ìkòkò sínú agolo omi, kò ní rí ọ̀nà gbà.

Èyí tó ń jẹ ewé tún wà. Ẹ ó rí nǹkan kékeré kan lórí ewé tuntun, ó dúdú, funfun wà láàárín rẹ̀, ẹ ó bú ẹyẹ pé ó ṣu sórí ewé yín. Ẹ fojú sún mọ́ ọn. Ó ní ẹsẹ̀. Ọmọ labalábá ńlá kan ni, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú tó ní àpá tó rí bíi pupa ẹyin lára, tó ń fò káàkiri àgbàlá wa. Bó bá dàgbà, á di àwọ̀ ewé, ẹ kò ní tètè rí i mọ́. Ẹ fi ìka kàn án lórí: yóò yọ ìwo pupa rírọ̀ méjì jáde láti ọrùn, òórùn kíkan kan á sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ta, kì í bunijẹ. Méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti jẹ gbogbo ewé igi kékeré tán láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ ṣà á kúrò láràárọ̀. Mo máa ń gbé e lọ sórí igi ọsàn ńlá tó wà lóko, níbi tí kò ti lè ṣe ìpalára kankan, torí labalábá náà lẹ́wà. Ẹ má bu dichlorvos, oògùn inú ìgò kékeré yẹn, sí ohun tí ẹ máa jẹ, ẹ má sì wọ́n ọn nínú ilé tí ọmọdé ń sùn. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ láti 2019, kì í ṣe lásán.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti sọ ni ti òdòdó rẹ̀. Ní ìlú otútù, otútù ló ń sọ fún ọsàn pé kó mú òdòdó jáde. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ kíyè sí i pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ọsàn oko á yọ òdòdó funfun, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ̀nà oko. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ló pèsè rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ lẹ́móònù ní Sicily lórílẹ̀-èdè Ítálì mọ èyí. Wọ́n máa ń dá omi dúró fún igi wọn nígbà ooru, wọ́n á sì dá a padà lójijì, kí ó lè so nígbà tí àwọn míì kò ní. Ẹ̀yin náà lè ṣe é fún igi tó dàgbà tó sì lókun, kì í ṣe fún ọmọdé igi. Nínú oṣù kìíní, ẹ dín omi kù títí ewé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká díẹ̀ ní ọ̀sán, tó sì ń là padà ní alẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi dáadáa, kí ẹ tún fún un lóúnjẹ. Kò ní pẹ́ tí òdòdó á fi yọ. Kò nílò kòkòrò láti gbé àtíkè rẹ̀, ó lè so fúnra rẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, àwọn ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀. Ìyá kan ní èso tirẹ̀ so bí àgbàdo, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù já bọ́ nígbà tó ṣì kéré. Mo sọ fún wọn pé kí ọkàn wọn balẹ̀. Igi ọsàn máa ń yọ òdòdó ju èso tó lè tọ́ dàgbà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá púpọ̀ sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá já bọ́ láìku ẹyọ kan ni kí wọ́n wá wádìí omi àti ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè ìgbà tí èso rẹ̀ gbó, torí ó ń dúró de àwọ̀ pupa rẹ̀ tí kò dé. Alẹ́ tútù ló ń sọ ọsàn di pupa, alẹ́ wa kò sì tutù tó, nítorí náà ọsàn wa lè gbó tán kó ṣì ní àwọ̀ ewé. Kó wo bí èèpo rẹ̀ ṣe ń dán, kó já ẹyọ kan kó tọ́ ọ wò. Mo tún fi kún un fún gbogbo ènìyàn pé ẹni tó bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ kó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jáde sínú oòrùn, torí omi rẹ̀ àti oòrùn lè jó ara papọ̀ débi tí yóò fi wú, tí àpá rẹ̀ á sì pẹ́ lára.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ní igi òun ti wọ́wé tán porogodo, ṣé kí òun sọ ọ́ nù. Mo ní kí wọ́n fi èékánná ha ara ẹ̀ka díẹ̀. Bí abẹ́ èèpo bá gbẹ tó sì di búráùn, ẹ̀ka yẹn ti kú. Kí wọ́n máa bọ̀ nísàlẹ̀ títí wọ́n á fi dé ibi tó ṣì tutù tó dà bí ewé. Bí wọ́n bá rí i lókè ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ẹ̀mí ṣì wà. Kí wọ́n gé òkú ẹ̀ka kúrò, kí wọ́n fa igi náà yọ, kí wọ́n gé gbòǹgbò tó ti rọ̀ tó ń rùn, kí wọ́n tún un gbìn sínú ìkòkò tí kò tóbi ju ìyókù gbòǹgbò lọ, nínú erùpẹ̀ tuntun. Kí wọ́n gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán kò tíì kàn, kí wọ́n má fún un ní ajílẹ̀ rárá, kí wọ́n sì bomi sí i nígbà tí ìka bá sọ pé ó gbẹ nìkan. Igi tí kò ní ewé kò mu omi púpọ̀. Bí ó bá máa yè, èéhù tuntun á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí gbogbo ohun tó ń yọ bá sì jẹ́ láti ìsàlẹ̀ ojú yẹn, igi tí wọ́n rà ti lọ nìyẹn, kí wọ́n ra òmíràn, kí wọ́n sì wá ibi tí oòrùn àárọ̀ ń dé kí wọ́n tó gbé e wálé.